Ferdinand de Saussure, Onímọ̀ Ẹ̀dá-Èdè

Nínú fọ́tò tí wọ́n yà fún Ferdinand de Saussure nígbà tó dàgbà, irunmú rẹ̀ nípọn, kọ́là funfun sì ga dé abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ọmọ ilé ọlá ni, ní Geneva, lórílẹ̀-èdè Switzerland, níbi tí wọ́n ti bí i ní 1857. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó tẹ ìwé jáde lórí fáwẹ̀lì inú èdè àtijọ́ tó bí Látìn, Gíríìkì àti Sanskrit. Ó ronú débi pé àwọn ìró kan ti ní láti wà níbẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èdè tí wọ́n mọ̀ nígbà náà tó pa wọ́n mọ́. Ní 1927, ọdún 14 lẹ́yìn ikú rẹ̀, Jerzy Kuryłowicz, onímọ̀ èdè mìíràn, tọ́ka sí irú ìró bẹ́ẹ̀ nínú èdè Hittite, lára wàláà amọ̀ tí wọ́n hú nínú ilẹ̀ ní Tọ́kì. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí èyí.

Síbẹ̀, ìwé kíkọ nira fún un. Ní 1894, ó ráhùn nínú lẹ́tà sí Antoine Meillet, onímọ̀ èdè bíi tirẹ̀, pé kíkọ ìlà mẹ́wàá péré tó mọ́gbọ́n dání nípa èdè ti sú òun. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Láàárín 1907 sí 1911, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Geneva pé ohun tó ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ lára àwọn yòókù ló ń fún un ní iye nínú èdè. Etí Yorùbá mọ èyí dáadáa: ohùn ìsàlẹ̀ obìnrin lè ga ju ohùn òkè ọkùnrin lọ, síbẹ̀ a kì í ṣì wọ́n gbọ́, nítorí ohùn tó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká la fi ń wọ̀n ọ́n.

Nígbà tó kú ní 1913, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Charles Bally àti Albert Sechehaye, wá àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan. Ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kó jọ tí wọ́n fi ṣe Cours de linguistique générale ní 1916, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kò jókòó nínú kíláàsì yẹn. Ní 1996, wọ́n rí àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ kan nínú ilé ẹbí rẹ̀ ní Geneva. Ìwé 1916 sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú. Nínú àfọwọ́kọ tirẹ̀, àyè òfìfo pọ̀, gbólóhùn mìíràn kò sì parí.