Òróòro Àgbò àti Òróòro Tèmi

Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ti kun ẹran Iléyá rí mọ òróòro. Òun ni àpò kékeré aláwọ̀ ewé tí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní mọrárà. Bí ọ̀bẹ bá ṣèèṣì kàn án tí ó sì bẹ́, gbogbo ẹran tí omi rẹ̀ bá ta sí yóò korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá àwọn ará àdúgbò wa ní Máfólúkù, l'Óṣòdì, pa àgbò lẹ́yìn ìrun Iléyá, nítorí pé èmi ni ládàánì mọ́sáláṣí wa. N kò mọ iye òróòro tí mo ti gé sọnù. Kò sí ọjọ́ kan tí mo bi ara mi léèrè pé iṣẹ́ wo ni Ọlọ́run fi rán an nínú ara ẹran, ká má tilẹ̀ sọ nínú ara tèmi.

Oṣù àwẹ̀ ọdún 2022 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀. Mo fi àkàrà àti ẹran díndín ṣínu, mo kírun, mo sùn. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago mọ́kànlá òru, ìrora kan gbé mi lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ó gun ẹ̀yìn lọ, ó sì yọ sí èjìká. N kò lè jókòó, n kò lè dùbúlẹ̀. Mo ń rìn káàkiri yàrá bí adìẹ tí ó fẹ́ yé ẹyin. Nígbà tí aago méjì fi lù, ó ti lọ bí ẹni pé kò wá rí, mo sì jáde lọ jí àwọn ènìyàn fún sààrì.

Àwọn kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tí ń ta oògùn nítòsí wa ní ọgbẹ́ inú ni, mo sì mu oògùn tirẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Mo mu àgbo. Mo kọ hàǹtú, mo fọ̀ ọ́ mu, nítorí pé èmi náà ni mo ń kọ ọ́ fún ẹlòmíràn. N kò fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré o. Ṣùgbọ́n ìrora náà kò yé padà wá, mo sì ṣàkíyèsí pé ẹ̀yìn oúnjẹ ìnáwó ni ó máa ń dé. Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ tiwa: yìgì ní Sátidé, ìsọmọlórúkọ ní ọjọ́ Àìkú, fídáù láàárín ọ̀sẹ̀. Kò sí èyí tí kò ní ìrẹsì olóròóró àti ẹran díndín nínú, ẹni tí ó sì wá ṣe àdúrà kì í kọ oúnjẹ.

Ìyàwó mi ni ó rí i, ní oṣù kìíní ọdún 2023, pé ẹyin ojú mi ti di àwọ̀ ìyeyè, tí ìtọ̀ mi sì dúdú bí àgbo. Mo ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lásán ni. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ wọ ẹ̀wù yín." A wọ mọ́tò l'Óṣòdì, a gba Mushin, ó di LUTH ní Ìdí-Àràbà, ilé ìwòsàn ńlá tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1961.

Wọ́n fi ohun kan tí ó tutù pa ikùn mi, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún. Ọmọdébìnrin kan tí ó wọ ìbòrí ni dókítà náà. Ó ní, "Àlùfáà, òkúta wà nínú òróòro yín." Ó ṣe àlàyé fún mi pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe omi kíkorò náà, àti pé àpò yìí kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Bí a bá jẹ ohun tí ó ní ọ̀rá, àpò náà yóò fún un sínú ìfun kí ọ̀rá lè dà. Nígbà mìíràn omi náà a máa dì di òkúta. Bí òkúta bá dí ẹnu àpò, ìrora dé nìyẹn. Bí ó bá bọ́ sí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà jáde láti inú ẹ̀dọ̀, ojú yóò pọ́n. Ó ní òkúta kékeré kan ti dí ojú ọ̀nà tèmi, ó sì jọ pé ó ti kọjá lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òmíràn lè dúró síbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fetí sí èyí, nítorí ó ní àrùn yìí ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, pàápàá abiyamọ tí ó ti bímọ púpọ̀. Ó sì ń mú àwọn ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde láti kékeré, nítorí ẹ̀jẹ̀ wọn tí ń fọ́ nígbà gbogbo. Bí ìrora náà bá bá ibà àti ojú pípọ́n rìn pọ̀, ó ní kí ènìyàn má sun ilé mọ́jú.

Mo bi í bóyá gbogbo ẹni tí ó ní òkúta ni wọ́n ń là. Ó ní rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní in tí kò sì mọ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, wọn kì í fọwọ́ kan irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kì í sábà dákẹ́.

Ẹ wò ó, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ojú mi ti mọ́, ara mi sì ti dá. Èyí gan-an ni ó mú ọ̀rọ̀ náà le. Ta ni yóò fi ara líle lọ bá ọ̀bẹ? Àbúrò bàbá mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà tí mo wà ní ilé kéwú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jáde. Owó kò sí. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n fi òróró ólífì po omi ọsàn wẹ́wẹ́, kí n mu ún lálẹ́, pé òkúta náà yóò bá ìgbẹ́ jáde. Mo mu ún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kóró wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé ni mo rí! Mo dúpẹ́, mo kó wọn sínú ìgò, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé e sí oòrùn. Kí a tó kírun ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ti yọ́. Òróró tí mo mu ni ó di ọṣẹ nínú mi.

Mo tọ Bàbá Lèmọ́mù lọ. Mo ní, Bàbá, Ọlọ́run kò dá ohunkóhun lásán, ǹjẹ́ ó tọ́ kí n jẹ́ kí wọ́n gé èyí tí Ó fún mi? Ó dáhùn pé Ànọ́bì wa pàṣẹ kí á máa wá ìwòsàn, àti pé iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ohun àjèjì sí Mùsùlùmí. Ó ní al-Zahrawi, ará Kọ́dóbà ní ilẹ̀ Sípéènì, ti kọ ìwé lórí rẹ̀ láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ó sì ya àwòrán àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ tí o ti ń gé òróòro àgbò láti ọjọ́ yìí wá, tìrẹ ni o wá ń ṣàánú?" Mo ní, "Bàbá, àgbò ti kú kí n tó gé tirẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin ni ó ka ìtàn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún mi. Ìlú Berlin ní Jámánì ni, ní July 15, 1882, Carl Langenbuch sì ni dókítà náà. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún jẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 43, ọdún 16 sì ni ó ti fi jẹ ìrora. Ọdún 43 náà ni èmi wà nígbà náà. Ní ọjọ́ kejì, ó ń mu sìgá lórí ibùsùn. Èmi kì í mu sìgá, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Láti ọdún 1985, tí Erich Mühe ti dá a ní Jámánì kan náà, wọ́n tún ń fi ihò wẹ́wẹ́ ṣe é, ẹlòmíràn a sì lọ sílé ní ọjọ́ kejì. Owó ìyẹn ju agbára mi lọ. Lílà ni wọ́n là mí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni ó parí rẹ̀. Ó tú owó èésú rẹ̀ tí ó fẹ́ fi kó ọjà, ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Bí ẹ bá kú nítorí ìbẹ̀rù, kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ?" Mo ta àgbò méjì tí mo ń sìn. Àwọn ìyá Àsàlátù náà dá owó, ní àkókò tí owó náírà wọ́n, tí a ń tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì láti gba owó tiwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń gbá mọ́sáláṣí wa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí mo lajú, ọ̀fun mi gbẹ, ìhà mi sì ń ta mí. Wọ́n fi òkúta náà hàn mí nínú ìgò: 17 ni, òmíràn tó ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà.

Ìjókòó ni mo fi ń kírun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ń fi ọwọ́ tútù pa orí aṣọ tí wọ́n fi di ọgbẹ́ nígbà àlùwàlá, ohun tí mo ti fi kọ́ àìmọye ọmọ ní ilé kéwú tí n kò ṣe rí. Ẹlòmíràn ni ó ń pe ìrun. Ohùn rẹ̀ dùn, n kò lè purọ́, ó sì dùn mí. Àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní March 23, dókítà ní n kò gbọ́dọ̀ gbà á. Mo mọ̀ pé Alùkùránì yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san án lẹ́yìn, síbẹ̀ ojú ń tì mí bí mo bá ń bá àwọn ọmọdé jẹ ẹ̀kọ lọ́sàn-án. Gbogbo ọjọ́ 29 ni mo san, ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdè, títí ó fi pé.

Ní ti oúnjẹ, omi òróòro kò ní àpò mọ́, láti ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣàn tààrà sínú ìfun. Fún bí oṣù méjì, bí mo bá jẹ ọ̀rá, ìgbẹ́ a gbọ̀n mí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo sáré jáde nígbà tí Bàbá Lèmọ́mù ń wáàsí lọ́wọ́, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ìwáàsù ni ó bá mi wí. Ó ti lọ báyìí. Mo ń jẹ ewédú, mọ́ínmọ́ín, ẹja, àti ẹran díndín díẹ̀ bí ìyàwó mi kò bá wò mí. Ìrora òru kò padà wá mọ́.

Ní Iléyá ọdún náà, June 28, kò sí àgbò ní ilé tiwa. Mo lọ bá àwọn ará àdúgbò pa tiwọn, mo jókòó lórí àpótí, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe iṣẹ́ agbára. Nígbà tí ó kan ẹ̀dọ̀, mo gba ọ̀bẹ. Àbíkẹ́yìn mi na orí síwájú, ó ní, "Bàbá mi, ṣé bí tiyín ṣe rí nìyí?" Mo ní òun ni, àfi pé tèmi ní òkúta nínú. Ó ní kí n là á wò bóyá ti àgbò náà ní. Ìyá tí ó ni ẹran pariwo pé a kò gbọ́dọ̀ bá òun ba ẹran jẹ́. Mo gé e, mo gbé e sínú ihò, mo sì bèèrè àgbò tí ó kàn.