Òru Mẹ́ta Kí Ayálégbé Tó Dé

Lọ́dún 2004, mo gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Ṣómólú, l'Ékòó. Ọ̀dà funfun ń dán lára ògiri, kọ́tìnì búlúù tuntun wà lójú fèrèsé, òórùn ọ̀dà sì bo gbogbo òórùn yòókù mọ́lẹ̀. Owó ọdún méjì ni mo san lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ìyálégbé Èkó ti ọdún 2011, tó ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kò tíì sí nígbà náà. Òjò oṣù kẹfà dé, ọ̀dà wú bí ara tí omi gbígbóná dà sí, ó ń bó wálẹ̀. Ògiri tó ti bu dúdú tipẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìwé ẹ̀rí mi tó wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà ló bàjẹ́.

Ìdí nìyí tí mi ò fi kánjú nígbà tó kàn mí láti wá ayálégbé sí ilé tí ìyá mi fi sílẹ̀ ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Èrò ń wá ilé síbẹ̀ láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, torí Mọ́níyà ni ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè wà. Ẹ́jẹ́ǹtì ní kí n kun ilé, kí n tẹ́ táìlì, ó ti tán. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo ká ẹní, mo lọ sùn níbẹ̀.

Lóru àkọ́kọ́, ẹ̀fọn ò jẹ́ kí n sùn. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ti ya. Lọ́jọ́ kejì ni mo mọ̀ pé yàrá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn kò dáa fún ọmọdé: ògiri rẹ̀ ṣì gbóná ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Lóru kẹta, òjò rọ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń fọwọ́ kan àwọn ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá mi ṣe máa ń fọwọ́ kan iwájú orí wa nígbà ibà. Ìsàlẹ̀ ògiri pálọ̀ tutù.

Bíríkìlà ní wọn kò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n ń mọ ọ́n, omi inú ilẹ̀ sì ń fà gòkè bí epo ṣe ń fà nínú òwú fìtílà. Bí a bá kun ọ̀dà tó ń dán lé e, omi kò ní ríbi gbà jáde, àfi kó wú. A họ ara ògiri náà, a jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n po oògùn adènà-omi mọ́ rẹ́ ẹ padà, a la gọ́tà sẹ́yìn ilé. Owó táìlì bá a lọ.

Ìgbà yẹn ni ọ̀ṣọ́ tó kàn, mo sì fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ gan-an. Yàrá tó ṣófo máa ń kéré lójú, ẹni tó wá wò ó kì í rí ibi tí ibùsùn máa wà. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá mi sí yàrá kékeré, mo gbé tábìlì àti àga méjì sí pálọ̀. Mo fi àdìrẹ tí ìyá mi rà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, rán kọ́tìnì. Mo gbin efinrin sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Òórùn rẹ̀ dùn, èèyàn sì lè já a sọ́bẹ̀.

Tọkọtaya kan wá wo ilé. Mo fi ògiri tí a tún ṣe hàn wọ́n, ẹ́jẹ́ǹtì ń ṣẹ́jú sí mi. Ìyàwó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó dúró díẹ̀.

“Mà, ṣé òjò ti rọ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti tún un ṣe?”

“Ó ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.”

Wọ́n san owó ọdún kan, wọ́n ní kí n fi àdìrẹ náà sílẹ̀ fún àwọn.

Ẹ̀yin onílé, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ ká ẹní yín, kí ẹ sùn síbẹ̀ lóru òjò kan.