Àpáta Moab, Dífù Àjópọ̀ àti Owó Tíkẹ́ẹ̀tì

Bí ènìyàn bá kúrò ní Denver ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tí ó gba títì I-70 lọ sí ìwọ̀-oòrùn, òkè ni yóò kọ́kọ́ máa gùn títí yóò fi wọ ọ̀nà abẹ́ òkè Eisenhower, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1973, tí gíga rẹ̀ sì ju 11,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìsọ̀kalẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Yóò gba àárín àfonífojì Glenwood kọjá, níbi tí títì àti odò Colorado ti ń fi èjìká gbún ara wọn. Yóò kọjá Grand Junction. Igi yóò máa dín kù, ilẹ̀ yóò máa pọ́n sí i, títí gbogbo nǹkan yóò fi dà bí ẹni pé wọ́n fi osùn kun ayé. Nǹkan bí 350 máìlì ni ìrìn náà títí dé Moab, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Utah, níbi tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ aláfojúdi ti ń kóra jọ ní àsìkò Àjíǹde láti ọdún 1967.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá: ṣé kí n jó dífù ẹ̀yìn ọkọ̀ mi pọ̀ ni, àbí kí n ra lọ́kà sí i?

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí nígbà èwe ṣàlàyé. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo dàgbà sí, ní ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, níbi tí àwọn agbégilódò ti ń ti inú igbó kó gẹdú jáde. Bí òjò bá ti rọ̀, ọkọ̀ a rì. Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan a máa yí fùùfùù nínú ẹrẹ̀, tí yóò máa tu ẹrẹ̀ sí gbogbo wa lára, nígbà tí èkejì, tí ó dúró lórí ilẹ̀ líle, kò ní mira rárá. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ a máa ju igi àti òkúta sábẹ́ èyí tí ń yí. Mo rò pé ọkọ̀ ti bàjẹ́ ni. Ó tó ogún ọdún kí n tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní ìkòríta, ẹsẹ̀ tí ó wà níta ń rin ọ̀nà tí ó gùn ju ti ẹsẹ̀ inú lọ. Bí a bá de méjèèjì pọ̀, ọ̀kan yóò máa wọ́ èkejì nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dífù fi wà: àwọn jíà kéékèèké inú rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan yára, kí èkejì rọra. Lórí títì ọlọ́dà, àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ìdíwọ́ kò bá sí ni agbára ẹ́ńjìnnì máa ń sá gbà: bí ẹsẹ̀ kan bá ré kúrò nílẹ̀, òun ni yóò máa yí bí òkòtó. Ọkọ̀ tí a sì ń pè ní fóò-wíìlì pàápàá kò bọ́ nínú èyí, nítorí dífù wà níwájú, dífù wà lẹ́yìn; ẹsẹ̀ kan níwájú àti ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn tó láti dá a dúró.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ lọ, ajórin ni, ọmọ Mẹ́síkò tí a bí ní Colorado. Ó ti yanjú tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó tú dífù ẹ̀yìn ọkọ̀ Jeep rẹ̀, ó jó àwọn jíà kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ó dà á padà. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ń yí pọ̀ nígbà gbogbo. Ó ní òun yóò bá mi ṣe ti Toyota mi lọ́fẹ̀ẹ́, bí ìyàwó mi bá ti lè se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kan fún òun. Lọ́kà onífẹ́ẹ́fẹ́ ńkọ́? Òun nìkan ju 1,000 dọ́là lọ. Bí a bá fi ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ àti owó iṣẹ́ kún un, iye tí wọ́n pè fún mi súnmọ́ 2,000. Owó tí ó wà nílé nígbà náà kò ju 2,200 dọ́là lọ, owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó mi yóò fi lọ rí ìyá rẹ̀ ní Ìkirè ní Kérésìmesì sì ni. Ọdún mẹ́rin ni wọn kò tíì fojú kan ara wọn.

Ẹ̀yìn ìlú Moab ni Sand Flats wà. Iyanrìn aṣálẹ̀ ayé àtijọ́ tí ó dì di àpáta ni ibẹ̀. Òkìtì lé òkìtì, ó dán, ó rí rogodo bí ẹ̀yìn àwọn ẹranko ńlá tí wọ́n sùn sílẹ̀. Àwọn aráàlú ń pè é ní àpáta yíyọ̀, nítorí pátákò onírin ẹsẹ̀ ẹṣin kì í dúró lórí rẹ̀. Àmọ́ rọ́bà táyà a máa lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni fi yanrìn ha igi. Lókèèrè, yìnyín funfun wà lórí àwọn òkè La Sal, oòrùn sì ń jó wa lórí níbi tí a wà. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà o, nítorí èèpẹ̀ dúdú oníhóró tí ẹ ó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ohun abẹ̀mí ni. Bí táyà bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò gbà kí ó tó san.

Ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Fins and Things, mo dé ibi àtẹ̀gùn àpáta kan tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún ré sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ré sókè. Mo tẹná. Àwọn méjì tí ó wà lófuurufú ń yí, àwọn méjì tó kù ń wò mí. Ọkọ̀ agbégilódò ni mo wà nínú rẹ̀ padà, láìsí gẹdú. Ọ̀rẹ́ mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gùn ún bí ìgbà tí ènìyàn ń gun àkàsọ̀ ilé rẹ̀, kò tilẹ̀ tẹná ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọjọ́ náà, ká ní iná ajórin wà níbẹ̀, èmi ni n bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún un.

Ilé epo ni iyèméjì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ó ṣe ń yà wọlé, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ń ké wíwí, ó ń ha ilẹ̀, ìdí ọkọ̀ sì ń ta gìrì. Ó fi hàn mí bí táyà náà ti jẹ. Ó tún sọ, láìjanpata, pé òun ti ṣẹ́ ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé gbogbo ìjà àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ọ̀pá ni ó ń gbà á sára. Bí ìjópọ̀ náà kò bá sì dára, tí ègé irin kan bá já bọ́ sáàárín eyín jíà, ó parí.

A pààrọ̀ ọkọ̀ nígbà tí a ń padà, kí n lè mọ̀ ọ́n lára. Ilẹ̀ ti ṣú, yìnyín sì ń bọ́ lórí òkè Vail Pass, tí gíga rẹ̀ ju 10,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Mo ń rọra lọ. Ní ibi tí títì ti tẹ̀ díẹ̀, ìdí Jeep náà kúrò lẹ́yìn mi, ó ń bọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi. Kò sí ariwo kankan. Mo gbé ẹsẹ̀, mo yí ọwọ́ ọkọ̀ tẹ̀lé e, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá méjì náà, iná ọkọ̀ àjàgbé kan ni mo ń wò láti ojú fèrèsé ẹ̀gbẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro: bí dífù bá ṣí, ẹsẹ̀ kan lè yọ̀ kí èkejì máa di ìdí ọkọ̀ mú. Bí a bá jó wọn pọ̀, àwọn méjèèjì ni yóò jọ yọ̀.

Ta ni ó ń wa Toyota mi ní ìgbà òtútù? Ìyàwó mi ni. Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ó ń jáde, aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ó ń padà, oorun á sì ti kún ojú rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo rò ó fún un láìfi ohunkóhun pamọ́.

Ó ní, “Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ọkọ̀ tí ẹ wà lórí òkè yẹn, ṣé èmi lè wà á lọ síbi iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá?”

Mo ní rárá.

“Ó tán nìyẹn. Ẹ fi tiyín sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣé àpáta ń san owó oṣù fún wa ni?”

Òótọ́ ni. Fífi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ìpinnu ni òun náà, ó sì pọ̀ nínú àwọn tí ń ná owó sí ọkọ̀ tí kò yẹ kí wọ́n fò ó. Mo fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa kékeré gbé èrò ní alẹ́ Sátidé, tí mo sì ta kámẹ́rà mi. Títí di ìparí oṣù Kẹjọ, ìdajì owó náà ni mo rí. Èmi kọ́ ni mo mú ọ̀rọ̀ ìdajì tó kù wá; ìyá Ìkirè ni ó sọ lórí fóònù pé kí ọmọ òun má ṣe wá ní Kérésìmesì tí gbogbo nǹkan ń wọ́n, kí ó wá ní Àjíǹde, mángòrò yóò ti pọ́n. Ìyàwó mi gbé fóònù sílẹ̀, ó wò mí, ó ní kí n lọ ra irin mi. Inú mi dùn, ojú sì tì mí, mi ò tíì mọ èyí tí ó pọ̀ jù.

Mo yan onífẹ́ẹ́fẹ́ dípò èyí tí ń ti ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí èyí tí ń ti ara rẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ kí ó tó ti, mi ò sì fẹ́ irú ìyẹn lórí yìnyín. Ọ̀rẹ́ mi bá mi dè é, nítorí ìrẹsì náà kan náà.

Ní oṣù Kẹwàá, a padà sí Fins and Things, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa. Ní ibi àtẹ̀gùn àpáta yẹn, mo bọ́ sílẹ̀ láti máa tọ́ ọ sọ́nà, òun ni ó wà nídìí ọkọ̀. Mo ní kí ó tẹ bọ́tìnnì kí ó tó débẹ̀, kí ó má ṣe dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń yí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ré sókè bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó tẹ ilẹ̀ di àpáta mú, ọkọ̀ sì gòkè láìkígbe.

Ó yọ orí síta. “Ṣé ohun tó sún mi láti Kérésìmesì sí Àjíǹde nìyí?”

Mo ní òun ni.

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn sọ̀kalẹ̀, ó tún un gùn. Nígbà tí a fi máa dé ibi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ tí afẹ́fẹ́ jáde lábẹ́ wa, fìììì. Ó ti pa bọ́tìnnì náà kí n tó lanu.