Nígbà Tí Ọ̀rọ̀ Kò Tíì Pọ̀ Báyìí

Ọdún 1850 ni ìwé kìn-ín-ní nínú Bíbélì Yorùbá jáde: Ìwé Róòmù, tí Samuel Ajayi Crowther túmọ̀. Lúùkù àti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì tẹ̀ lé e láìpẹ́, àwọn yòókù ń jáde díẹ̀díẹ̀, odindi Bíbélì kò sì tẹ̀ wá lọ́wọ́ títí di ọdún 1884. Ẹni tó di onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta lọ́dún tí Róòmù jáde, tó tún lo ọgbọ̀n ọdún sí i láyé, ti kú kí Bíbélì tó pé ní èdè ìyá rẹ̀. Bíbélì tí kò tíì pé ló fi sin Ọlọ́run dọ́jọ́ ikú. Ìyà sì ti jẹ àwọn onígbàgbọ́ kan níbẹ̀ kí Róòmù gan-an tó jáde. Lọ́dún 1849, wọ́n kó wọn, wọ́n lù wọ́n, wọ́n ki ẹsẹ̀ wọn bọ àbà, nítorí ohun tí wọ́n kàn fi etí gbọ́.

Mo máa ń rò ó bí òwe afúnrúgbìn tí Jésù pa ṣe máa rí létí àwọn Ẹ̀gbá wọ̀nyẹn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, àárín àpáta ni ìlú wọn wà. Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún wọn ohun tó ń ṣe àgbàdo tí ilẹ̀ rẹ̀ kò jìn? Á tètè hù, á tutù yọ̀yọ̀, oòrùn ọjọ́ mélòó kan á sì sọ ọ́ di pòròpórò. Wọ́n mọ ẹyẹ tó ń ṣa irúgbìn lójú ọ̀nà. Wọ́n mọ èpò. Ohun tó kù fún wọn kò ju kí kálukú bi ara rẹ̀ léèrè irú ilẹ̀ tí òun jẹ́.

Ìrù ayé yẹn ni àwa bá. Nílé wa, kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá mi á ti mi agogo. A ó wọ́ jáde, oorun á ṣì wà lójú wa, a ó jókòó yí àtùpà ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ka ẹsẹ tirẹ̀ títí a ó fi parí orí kan. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, lẹ́tà kan báyìí kò yé e. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá fo ọ̀rọ̀ kan, tàbí tó ṣi ohùn gbé, ìyá á ní, “Rárá o, padà sẹ́yìn,” á sì sọ ọ́ fún un bó ṣe yẹ kó rí.

Ẹ̀wà àti gààrí ni ìyá àgbà ń tà. Ẹni tó bá ń ná ọjà mọ ohun tí ojú kóńgò ń rí. Àwọn olùtajà kan á fi òkúta gbá ìdí rẹ̀ wọnú kó lè tètè kún. Àwọn mìíràn á fi nǹkan tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí kóńgò ti ìyá tẹ́ pẹrẹsẹ bó ṣe rí lọ́jọ́ tó rà á. Kò fi wàásù fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bi í pé kí ló dé tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa èrè, ó ní, “Ṣé Ọlọ́run kì í wo ìdí kóńgò ni?” Ó ń bá ọjà rẹ̀ lọ.

Ẹni tí mo ń ṣàárò rẹ̀ jù ni olórí kíláàsì. Nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kíláàsì-kíláàsì ni wọ́n pín ọmọ ìjọ sí, olórí sì mọ àwọn èèyàn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó mọ ilé, ó mọ ìjà tó wà nínú ilé. Owó kíláàsì nìkan kọ́ ló ń gbà. Ìgbà kan tí bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn ń fa ilẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, olórí kíláàsì yà nílé wa. Ó mu omi. Ó bi bàbá léèrè ohun tí wọ́n wàásù lé lórí lọ́jọ́ Ìsinmi. Bàbá rò ó fún un pátá, kò yẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?” Bàbá kò fèsì, ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́n mú fìlà, wọ́n jáde.

Kí n má parọ́ mọ́ ayé àtijọ́ o. Olórí kíláàsì tó ń parí ìjà onílé tí tirẹ̀ ń jó wà nígbà náà. Àwọn kan wà tí kò fi Bíbélì ṣe ju kí wọ́n gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí lọ.

Lónìí, Bíbélì wà nínú fóònù mi ní oríṣiríṣi èdè. Fóònù ń kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé. Ìyá àgbà ì bá jó. Ìdájí kùtù, ẹsẹ ti òní á ti wọlé lórí WhatsApp. A ó tẹ “Àmín”, a ó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mẹ́ta, nígbà tí a ó bá sì fi wẹ̀ tán, ẹ bi wá ohun tó wí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ á yọ lójú ògiri, a ó fò sókè, “Mo gbà á!”, òmíràn á sì ti yọ kí ohùn wa tó wálẹ̀. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, èyí tó sọ nípa ọlá àti ìṣubú ọ̀tá ni a máa ń gbà jù. Ẹ̀rí ọkọ̀ tuntun àti ti físà kì í wọ́n. Èmi náà máa ń bá wọn dúpẹ́, mi ò jowú. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹni tó jáde wá jẹ́rìí pé òun ti dá owó olówó padà.

Ìpàdé ilé ṣì wà. Ìbéèrè wà nínú ìwé, ìdáhùn wà lẹ́nu gbogbo wa, a ó gbàdúrà, a ó mu mọ́ọ̀tì, kálukú á lọ. Ta ló jẹ́ bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ra ẹ̀wà. Ìwàásù ń dún kíkankíkan lórí rédíò ìdí àtẹ obìnrin náà, ó ń ṣe “Àmín” sí i bó ṣe ń wọn ọjà. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n wo ìdí kóńgò rẹ̀. Kò bínú rárá, ẹ̀rín ló bú sí. “Dádì, bí gbogbo ọjà ṣe ń lò ó nìyẹn,” ó ní, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà méjì lé e fún mi ní èènì.