Odò Jọ́dánì àti Òkun Iyọ̀

Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni èmi àti ìyá mi fojú kan àwọn méjèèjì. Ní Bẹ́tánì òdìkejì Jọ́dánì, níbi tí a gbà pé Jòhánù ti ṣe ìrìbọmi fún Jésù, ẹnu yà mí pé ọmọdé lè ju òkúta kọjá odò ńlá inú orin wa. Omi rẹ̀ rí bí ẹrẹ̀. Síbẹ̀ ìyá mi fi ọ̀wọ̀ bu ú sínú ìgò.

Ní Òkun Iyọ̀, omi gbé mi léfòó bí igbá, nítorí iyọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti òkun wa. Ṣùgbọ́n ó ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí mítà kan lọ́dọọdún. Jọ́dánì ni ó ń bọ́ ọ. Láti 1964 ni Ísírẹ́lì sì ti ń fa omi odò náà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Jọ́dánì àti Síríà pẹ̀lú ń fa ti àwọn odò tí ń ṣàn sínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Èyí kò gbàgbé orísun. Ènìyàn ni kò jẹ́ kí ó dé ibi tí ó ń lọ. Ọ̀wọ̀ odò kò parí sínú ìgò.