Níbi Tí Ẹrù Ti Ń Sọ̀kalẹ̀: Ibùdó Oúnjẹ Tútù ní Nima

Ibùdó ìpínkiri oúnjẹ tútù ni ilé tí ẹ̀fọ́, ata, ẹja àti ẹran máa ń dé sí láti ọjà ńlá, níbi tí wọ́n ti ń ṣà wọ́n, tí wọ́n ń wọ̀n wọ́n, tí ọlọ́kadà sì ti ń gbé wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó fi fóònù rajà. Yíyan ibi tí ilé náà yóò wà ló le jù nínú òwò yìí. Ní Nima, ní ìlú Accra, irú yíyàn bẹ́ẹ̀ ti wà kí rírajà lórí fóònù tó dé.

Oúnjẹ gan-an ló bí àdúgbò náà. Ní 1931, Amadu Futa, àgbà kan láàárín àwọn Mùsùlùmí Fulani, gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Odoi Kwao kí màlúù rẹ̀ lè rí ibi jẹko. Ẹni tó bá ti ta ẹran rí yóò lóye ìdí rẹ̀. Màlúù tó fi ẹsẹ̀ rìn láti àríwá ti rù kó tó dé etí òkun. Bí wọ́n bá so ó mọ́ àárín ilé, kò ní rí koríko. Bí wọ́n bá sì fi í sí ọ̀nà jíjìn, ohun tó jẹ níbẹ̀ yóò tán lára rẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ alápatà. Ilẹ̀ etí ìlú, tí kò wọ àárín ilé tí kò sì jìnnà, ló yẹ ẹ́.

Àwọn Yorùbá tó ṣòwò ní Ghana mọ irú ọgbọ́n yìí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ni púpọ̀ wọn ti wá. Aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tà jù, kì í ṣe ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ètò wọn ni àwọn oníṣòwò orí fóònù ń pè ní ohun tuntun lónìí: ilé kan tí ẹrù ń dé sí, àti àwọn tó ń gbé igbá jáde láti ibẹ̀ lọ sí àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n ń padà wá gbé òmíràn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìsọ̀ tó tì kò lóǹkà. Owó ṣòfò, ó dun ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dun ẹni tó kọ àkọsílẹ̀ yìí jù ni àwọn tó mọ ojúlé tó ń ra kí ni, ní wákàtí wo, tí àṣẹ náà lé lọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ ìmọ̀ yẹn sílẹ̀.

Owó orí fóònù tí MTN gbé dé Ghana ní 2009 ló jẹ́ kó rọrùn láti ta ata fún ẹni tí a kò fojú rí. Ní 2017, GhanaPostGPS mú nọ́ńbà àdírẹ́sì wá. Síbẹ̀, nínú ọ̀nà tóóró Nima, mọ́sálásí tó súnmọ́ ilé ni ọlọ́kadà ṣì ń bèèrè, ẹsẹ̀ ni yóò sì fi parí ìrìn náà. Glovo, ilé iṣẹ́ tó ń gbé oúnjẹ lọ sílé oníbàárà, wọ Ghana ní 2021, ó kúrò ní oṣù karùn-ún 2024. Ní Amẹ́ríkà, Webvan, tó ń ta oúnjẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ńlá sí Oakland, ó ṣètò láti kọ́ 26 irú rẹ̀, gbèsè sì pa á ní 2001, nítorí oníbàárà kò tó ohun tí ilé náà lè gbà. Ní Ìlú Ọba, Tesco ní kí òṣìṣẹ́ máa ṣa ọjà nínú ilé ìtajà tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ti Tesco ló súnmọ́ ohun tó bá Nima mu.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn súnmọ́ ọjà ńlá kó sì gbàgbé ilé ìdáná oníbàárà. Ọjà ńlá a máa ṣí kúrò. Àwọn sójà wó ọjà Makola ní 1979. Ní oṣù keje 2021, ìjọba kó ọjà àlùbọ́sà kúrò ní Agbogbloshie lọ sí Adjen Kotoku, lẹ́yìn Amasaman, ẹni tó sì gbalé sẹ́bàá Agbogbloshie nítorí àlùbọ́sà ní láti máa wá a lókèèrè. Àwọn tó ń fi fóònù rajà ní Kanda, Roman Ridge, Airport Residential àti Cantonments kò ṣí kúrò, Nima sì wà nítòsí wọn. Àlùbọ́sà gbígbẹ lè ti ọ̀nà jíjìn wá, kò ní bàjẹ́. Ewédú, tí Nima ń pè ní ayoyo, kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí ìbòòji, ó ti rọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Wákàtí ni a fi ń wọn ibi, kì í ṣe kìlómítà.

Ooru náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹja ń fẹ́ yìnyín, ẹ̀fọ́ ń fẹ́ òtútù, ṣùgbọ́n òtútù tó bá rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius ń ba tòmátò, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́. Tòmátò tó ti pọ́n tún ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń mú ewé yára pọ́n. Yàrá kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo wọn. Àwọn ọdún dumsor, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láti 2012 dé 2016, kọ́ àwọn oníṣòwò láti bèèrè wáyà iná kí wọ́n tó bèèrè owó ilé.

Ibùdó àkọ́kọ́ tí ẹni tó kọ èyí gbà wà lẹ́bàá gọ́tà ńlá Nima tó ń ṣàn lọ sínú odò Odaw. Owó rẹ̀ kéré. Màmá kan tó ń ta ìrẹsì ní òdìkejì kìlọ̀: “Ọmọ mi, omi mọ ilé yìí.” Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, omi wọlé lóru, àpótí tòmátò sì ń léfòó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láti ìgbà náà, kí òǹkọ̀wé tó sanwó ilé kankan, ọ̀kadà á kọ́kọ́ jáde láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ní aago mẹ́fà àárọ̀, ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí ọjà Nima máa ń kún jù, àti ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dé Cantonments láàárín ìdajì wákàtí nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ni òǹkọ̀wé yóò wo ibi tí àgbàrá ń gbà, àti bóyá ọkọ̀ ẹrù lè fi ẹ̀yìn wọlé láìdí ọ̀nà. Ilé tó ń lò báyìí jẹ́ yàrá mẹ́ta lórí ilẹ̀ gíga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Kanda.