Nítorí Ajá, Mo Sunkún ní Òṣòdì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi géńdé ọkùnrin, oníròyìn tó ti rí oríṣiríṣi ìjàǹbá ọkọ̀ ní títì Òṣòdì, mo sunkún nítorí ajá.

Tantólọ́un lorúkọ rẹ̀. Ìyá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí olè wá ká wa mọ́lé ní Máfolúkù, tó jẹ́ pé gbígbó ajá yìí ló jí gbogbo àdúgbò. Ó ti pé ọmọ ọdún méje báyìí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tó wá akọ kẹ́yìn, ó dédé kọ oúnjẹ. Omi ló ń mu ṣáá. Ikùn rẹ̀ wú. Ìyá mi ní, "Àkànní, àbí ó ti lóyún ni?" Àṣé kì í ṣe oyún, ọyún ni! Nígbà tó yá, a rí i tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà nítòsí wa tó ń ta ọmọ ajá, tó sì ń fún ajá lábẹ́rẹ́. "Dókítà" làwọn èèyàn ń pè é. Ó wo Tantólọ́un láti òkèèrè, ó ní iṣẹ́ abẹ ni, òun á ṣe é lẹ́yìnkùlé wa. Owó tó pè kò pọ̀ rárá. Wáẹ̀kì nìkan ni mo ní, owó oṣù mi kò tó nǹkan, inú mi sì dùn. Mo kàn béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Ó fi mí rẹ́rìn-ín: "Ṣé ìwé ni wọ́n fi ń la ikùn ajá ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló já mi láyà.

Ẹni tó máa jẹ́ dókítà ẹranko ń lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, Veterinary Council of Nigeria á sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹran ẹlẹ́ran. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì wà ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ajá tí kò lè dìde mọ́, ta ló máa gbé e dé ọ̀hún?

Ìsọlọ̀ la gbé e lọ, lọ́dọ̀ obìnrin kan. Ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aláboyún wo inú rẹ̀. Ó ní ọyún ti kún ilé-ọmọ rẹ̀. Pyometra ni wọ́n ń pè é. Tó bá bẹ́ sínú, ó di ikú. Wọ́n ní láti yọ ilé-ọmọ náà.

Mo bi í léèrè: ìwé àṣẹ yín ńkọ́? Ta ló máa ṣọ́ èémí rẹ̀ nígbà tó bá sùn? Kí ni owó yìí kárí? Tó bá di òru, ta ni mo máa pè? Kò bínú. Ó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn mí lára ògiri, ó kọ owó náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àyẹ̀wò, oògùn oorun, iṣẹ́ abẹ, oògùn ìrora, títú okùn. Ó ní, "Àbúrò, mi ò ní purọ́ fún ọ, ó lè kú. Ká ní ẹ ti yọ ọ́ nígbà tó kéré ni, àìsàn yìí kò ní ṣe é." Ó tún kìlọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ fún un ní parasitámọ́ọ̀ tàbí oògùn ìrora èèyàn kankan, torí ó lè pa á.

Owó náà fi ìlọ́po méjì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó àjọ tí Ìyá mi fẹ́ fi kún ọjà rẹ̀ ni wọ́n tú sílẹ̀. Dókítà gba ìdajì, ó ní ká san ìyókù nígbà tí oṣù bá parí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀ ni mo ti sunkún, torí odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá ẹni tí owó rẹ̀ kéré nígbà tí ajá ń jẹ̀rora.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Tantólọ́un kò kú. Lọ́jọ́ kejìlá ni wọ́n tú okùn rẹ̀. Gbèsè kù lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, ó gbó olè lójú fèrèsé wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá, ẹ wá dókítà yín kí àìsàn tó dé. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yín, ẹ fà á lé ọ̀nà, ẹ má fà á lé ajá.